Àdúrà Tí Mo Gbà ní Ilé Olódi

Schöneberg, ní Berlin, ìrọ̀lẹ́ Friday.

Pásítọ̀ wa pè mí láti Hamburg, níbi tó ti lọ ṣe ìsọjí. Ó ti rí fọ́tò tí ọmọbìnrin mi yà mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Portugal, ní ilé olódi àwọn Moor, àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ láti Àríwá Áfíríkà, lórí òkè.

"Mummy, ilé tí Mùsùlùmí kọ́ lẹ bọ́ bàtà gbàdúrà sí!" Ó ní tí mi ò bá tọrọ àforíjì níwájú ìjọ, mi ò gbọdọ̀ kọrin ní Sunday.

Kí n tọrọ kí ni?

Bí mo ṣe gun òkè yẹn tán, orí òkè àdúrà ilé ni mo rántí. Kí n tó mọ̀, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ọmọ mi ń fà mí láṣọ: "Mama, bitte, die Leute gucken!" Pé àwọn èèyàn ń wò wá. Kí wọ́n máa wò. Àwọn tó sọdá òkun láti Áfíríkà ló to òkúta ibẹ̀, ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún.

Mùsùlùmí ni bàbá mi. Láràárọ̀ Sunday, òun ló máa ń bá mi nu bàtà tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, títí tó fi kú.

Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ akọrin mi. Màá kọrin.

Bàbá mi ni mo gbàdúrà fún lórí òkè yẹn. Kí ẹni tí inú ń bí lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run.