Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ṣé ara gbogbo yín le? Orúnkún mi ti ń fúyẹ́, oògùn tó o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Akunlé ti kun gbogbo ilé tán, àfi ògiri ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

O mọ iyàn tí èmi àti ìyá rẹ máa ń jà lórí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wa. Mo ní Agùntáṣọọ́lò tó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ló ṣe pàtàkì jù. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, Kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un ni. "Bàbá ọmọ mi, ta ló fún un ní bọ́ọ̀lù?" Á mú ṣọ́ọ̀kì, á máa fa ìlà sára ògiri ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbàkúùgbà tí Kúkúrú bá fún un ní bọ́ọ̀lù jù. Màá fi í rẹ́rìn-ín, màá ní kó bu omi wá fún mi. Á bù ú wá, á sì padà sídìí ìlà rẹ̀.

Látìgbà tá a ti sin ín, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́. Ilé dákẹ́ jù. Ní Sátidé, Agùntáṣọọ́lò ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, mo pariwo, mo sì nawọ́ gba ife omi kí n tó rántí. Mo dìde, mo wá ṣọ́ọ̀kì náà kàn, mo fa ìlà kan fún Kúkúrú.

Jọ̀ọ́, máa pè mí tí ẹgbẹ́ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bá mi jiyàn, má gbà fún mi o.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Bí ọkọ rẹ bá ní kó o bu omi wá, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kó dìde lọ bù ú fúnra rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.