Lẹ́tà Méjì Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Màámi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin gan-an á ní irọ́ ni. Ara mi le o, ẹ má dààmú.

Ṣebí ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé dókítà ni mí? Nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé láyé àtijọ́, olùkọ́ ni "Dr." túmọ̀ sí. Èmi náà sì ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Mo bá kọ ọ́ síwájú orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà.

Àfi bí obìnrin ojúlé kejì ṣe ń lu ilẹ̀kùn mi lánàá: "Dókítà, ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ò lè mí!"

Mo pọn ọkọ ẹ̀, mo sá dé ọsibítù. Ó ti ń mí dáadáa báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún ìyàwó ẹ̀ pé ilẹ̀ ni mò ń nù.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ń bèèrè dókítà. Obìnrin náà ti fi èékánná họ lẹ́tà méjèèjì tó wà níwájú orúkọ mi dànù. Ó ní: "Irọ́ yín pọ̀ o, bọ̀dá! Ẹni tó mọ èèyàn pọ̀n báyìí, kí ló fẹ́ fi dókítà ṣe?"