Orúkọ Tí Ẹ̀yin Nìkan Fi Ń Pè Mí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn pọ̀: òjò tó ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, páànù tó ń jò lórí yàrá iṣẹ́ mi, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, àyà mi tó ń já láìnídìí, àti orúkọ tí ẹ fi ń pè mí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Ta ló mọ ẹni tó lè ka ìwé yìí lẹ́yìn mi? Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ìyẹn tó.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé ìwòsàn kan nínú Ọ̀yọ́ níbí gbà mí láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Gbogbo ohun tí à ń kọ sínú páálí tẹ́lẹ̀ ti wà níkùn ẹ̀rọ yìí báyìí: irú ẹ̀jẹ̀ tí kálukú ní, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí iná bá jó o ń kọ́? Bí olè bá gbé e? Àwọn tó gbé e wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tèmi. Wọ́n pàṣẹ fún un pé bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kó fúnra rẹ̀ da gbogbo ohun tó mọ̀ kọ sórí àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní díìsìkì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Kò sì ní kọ ọ́ bó ṣe wà. Á lọ́ ọ pọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, àfi ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi tì í. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ wa á kó àwọn díìsìkì náà lọ sí ẹ̀ka wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà níbẹ̀, ń tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń pín irúgbìn ilá àti àgbàdo sí méjì, tí ẹ ń fi apá kan sórí àjà nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ẹ ń gbé ìkejì lọ sílé bàbá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iná kì í jó ìlú méjì lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. Ẹ ó sì fi okùn so ẹnu kèrègbè náà lọ́nà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè tú u.

Nígbà tí wọ́n ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá, orúkọ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Orúkọ bàbá àgbà ni wọ́n sọ mí, ìyàwó ilé kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, ni ẹ bá fún mi ní tiyín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè é, láti ìdí ààrò, bí ẹran bá ti jinná. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, tí mo ṣì wà nílé ìwé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Olè wo ló máa mọ̀ ọ́n? Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀rọ náà ṣí, ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan dá mi mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò jò sórí kọ̀ǹpútà náà, ó kú fin-ín. Wọ́n yá òmíràn, awakọ̀ sì sáré lọ kó díìsìkì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibà ti dá èmi dùbúlẹ̀ nílé. Obìnrin kan wá gbé ọmọ dé, ara ọmọ náà gbóná janjan. Ó rántí pé abẹ́rẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà nígbà kan rí, ṣùgbọ́n kò mọ èwo. Ni Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wa, bá gun alùpùpù wá bá mi.

"Bàbá, ẹ dákun, kí lọ̀rọ̀ náà? Ẹ sọ ọ́ kí n tètè máa sáré lọ."

Mo dìde jókòó. "Ẹ gbé mi lọ. Màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

"Nínú ibà yìí? Àbí orúkọ àlè yín ni, tí ẹ ò fẹ́ kí Màmá gbọ́?"

Ìyàwó mi dáhùn láti pálọ̀: "Bó bá jẹ́ àlè ni, ọmọ mi, ì bá ti gbàgbé ẹ̀. Kò rántí ibi tó fi awò ojú ẹ̀ sí láàárọ̀."

Wọ́n gbé mi sáàárín ẹni tó wa alùpùpù náà àti Mátírọ́ọ̀nù bí àpò èlùbọ́. Mo tẹ orúkọ náà, ó ṣí, a rí oògùn tí ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbà. Ọmọ náà ti ń jẹun báyìí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń dá mi padà sílé, Mátírọ́ọ̀nù kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Bí Ọlọ́run bá pè yín, Bàbá, ta ló máa ṣí i fún wa?"

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀rọ tí wọ́n yá náà. Ṣùgbọ́n àwọn díìsìkì tí a ti fi orúkọ yẹn tì, òun náà nìkan ló lè ṣí wọn. Ẹnìkan mìíràn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, Àbẹ̀kẹ́ ló sì ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe máa ń sín yín jẹ, tí á fi ẹnu kékeré pè mí bẹ́ẹ̀, tí ẹ ó gbá a létí, pé a kì í pe ẹ̀gbọ́n ẹni lórúkọ? Láti ìgbà náà, "Bùọ̀dá mi" ló ń pè mí. Ǹjẹ́ orúkọ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀? Ó kéré jọjọ nígbà tí ẹ lọ. Bí mo bá sì fi lé wọn lọ́wọ́, ṣé kò ní di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán? Ta ni ǹ bá bi bí kò ṣe ẹ̀yin?

N kò lè fi rán awakọ̀, n kò sì lè kọ ọ́. Màá lọ fúnra mi. Màá jókòó sí pálọ̀ Àbẹ̀kẹ́, màá ní kó wọ kíṣìnì lọ, kó pè mí láti ibẹ̀ bí ẹ ṣe ń pè mí. Bí ó bá ti gbàgbé, màá sọ ọ́ sí i létí, kó tún un pè. Ẹ má nà án lọ́tẹ̀ yìí. Títẹ̀ nìkan ni mò ń tẹ̀ ẹ́, ìyá mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn.

Ibà ti lọ. Bí òjò ń rọ̀, bí kò rọ̀, mọ́tò tó bá kọ́kọ́ jáde sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni màá wọ̀, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀.