Písítìnì Olórí Gíga

Bọ̀ọ̀dá Ìbíkúnlé,

Iṣẹ́ tí ẹ rán dírẹ́bà láti Sàríà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí láàárọ̀ yìí, àná ló sì yẹ kó dé. Ó ní ẹ ní písítìnì olórí pẹrẹsẹ ni kí wọ́n rọ fún mọ́tò ìdíje yín, pé olórí gíga yóò máa gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì fọ́. Bọ̀ọ̀dá Rájí ti wọ rélùwéè lọ sí Èkó láná láti gbé iṣẹ́ písítìnì náà fún ẹni tí yóò rọ ọ́.

Wọ́n yà síbí kí wọ́n tó lọ. Ìwé òyìnbó tí Evelyn ọ̀rẹ́ mi yá mi ni mò ń kà. Wọ́n ní, "Ìyàwó òyìnbó, èwo ni ẹ̀gbọ́n ẹ yàn, orí gíga àbí pẹrẹsẹ?"

Mo ní orí gíga. Mo rò pé ohun tó ga ló máa yẹ mọ́tò eléré.

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo purọ́ kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ̀.

Ojú ń tì mí gan-an. Túwó wà nínú kúlà; bí ẹ bá ti Sàríà dé, kí ẹ gbé ọbẹ̀ kúkà kaná. Ẹ bá mi dá ìwé Evelyn padà fún un. N kò kà á tán.

Ẹ má bú Bọ̀ọ̀dá Rájí. Bọ́ọ̀sì yá ju rélùwéè lọ; mò ń lọ pàdé wọn nílé ẹ̀gbọ́n wọn ní Mushin, n ó sì fẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa.

Wùnmí