Ogun Niger Tí A Retí Tí Kò Dé

                                        Ọ̀nà Bessé,
                                        Savè.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Laure, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́, ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá nígbà tí mo wá sí Kétu, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti ń yọjú, mo sì ń jẹ iṣu tó ń ti abúlé Boni wá bí ẹni pé wọn ò ní gbìn ín mọ́.

Má bínú pé o ò gbúròó mi. Ìbẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n lè kọ̀wé. Ṣé o rántí Àdìjá aránṣọ, aládùúgbò mi, tí Moustapha ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Niger? Inú oṣù Keje ni Moustapha lọ sìnkú bàbá rẹ̀ nílé. Kò tíì padà tí àwọn ológun fi gbàjọba níbẹ̀, tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa. Lẹ́yìn náà la gbọ́ lórí rédíò pé bí àwọn ológun náà ò bá gbé ìjọba sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè wa lè kó ọmọ ogun wọ Niger.

Laure, gbogbo ìlú di aríran! Ọ̀gbẹ́ni Norbert, ọlọ́pàá jándáàmù tó ti fẹ̀yìn tì nínú agboolé wa, ní ogun ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù kámíọ̀n tó bá ti ń lọ sókè síhà Niger, wọ́n á ní ìbọn ló kó. Ni Àdìjá bá di ẹrù, tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ. Ó ní òun ń lọ sí Malanville lẹ́nubodè, òun á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya.

"Bí ìbọn bá dún, ọ̀nà dí nìyẹn," ló wí. "Ṣé kí n wá bí ọmọ tí ò ní mọ bàbá rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ odò sì kún. Èmi náà ò mọ̀ bóyá ogun máa jà, ṣùgbọ́n Fréjus àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé wọ́n fún òun láyè kí òun wá sinmi nílé. Mo rò ó wò: ta ló ń múra ogun tó ń ní kí ọmọ ogun relé? Mo sọ fún Àdìjá pé kò ní sógun, kó dúró.

Ó tẹjú mọ́ mi. "Bó bá wá jà ńkọ́, Madáàmù?"

Mo kàn bá a tú ẹrù náà ni.

Láti ọjọ́ náà ni rédíò ti di ọ̀tá mi. Bí wọ́n bá ní àwọn olórí ń ṣèpàdé, màá sáré pa á. Àdìjá bí ọkùnrin, bàbá ọmọ ò sí níbẹ̀. Mo ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe èmi ni mo ya tọkọtaya báyìí.

Àmọ́ ẹnu dùn-ún ròfọ́: wọ́n sọ̀rọ̀ ogun títí, ọmọ ogun kan ò sọdá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ń sá aṣọ nígbà tí takisí kan dúró. Moustapha ló sọ̀kalẹ̀! Ó ti rù. Ọkọ̀ ojú omi ló fi sọdá. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọlé tààrà, Àdìjá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ọkùnrin gìrìpá bú sẹ́kún. Ọ̀gbẹ́ni Norbert ní, "Ṣé mo sọ fún yín pé ogun ò ní jà!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Àdìjá àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ fún mi láàárọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ jọ rìn jáde díẹ̀. Ó ti sùn sí mi láyà bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi fi rí wọ́gọwọ̀gọ.

Èmi rẹ náà ni,
Ọmọ́túndé