Mátírọ́nì Matilda Olútóyìn Adéṣuyì (1956–2025), Ẹni Tó Dúró Níwájú Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ìdó-Èkìtì ni wọ́n ti bí Màmá wa lọ́dún 1956, sí ìdílé Olóògbé Ọlátúnbọ̀sún, àgbẹ̀ kòkó. Àwọn ni àkọ́bí. Lọ́dún 1979, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní Adó-Èkìtì. Lọ́dún 1982, wọ́n fẹ́ Olùkọ́ Julius Adéṣuyì, wọ́n sì jọ kó wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Baba ṣáájú wọn lọ ní 2011.

Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní 2014. Ọdún náà ni wọ́n di mátírọ́nì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkọ̀tún.

Èébú pọ̀ níbẹ̀. Bí dókítà bá pẹ́, bí iná bá lọ, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bú. Kò pẹ́ tí Màmá débẹ̀ tí bàbá kan tó ti ń retí dókítà láti àárọ̀ fi jágbe mọ́ Nọ́ọ̀sì Fàdìlàt Ọláṣùpọ̀ pé, "Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé." Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ Màmá dàgbà, wọ́n ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ bẹ àgbà. Ó kúnlẹ̀. Kò sì wá síbi iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Màmá wá a lọ sílé òbí rẹ̀ ní Ìpájà. Ìyá rẹ̀, Alhaja Mọ̀dínátù, gbé àga fún wọn, ó ní, "Ẹ jókòó, mà. A kọ́ ọmọ wa kó kúnlẹ̀ kí àgbà. A ò kọ́ ọ kó kúnlẹ̀ gba èébú."

Màmá gbà pé àwọn jẹ̀bi. Fàdìlàt wá béèrè pé, "Bí ẹlòmíì bá tún pariwo mọ́ mi ńkọ́, mà?"

Màmá ní, "Wá pè mí. Èmi ni wọ́n máa pariwo mọ́."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bú nọ́ọ̀sì, Màmá á jáde sí i, wọ́n á ní kí nọ́ọ̀sì lọ mu omi, wọ́n á sì gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Dókítà àgbà kan pàápàá ń bú nọ́ọ̀sì lójú aláìsàn, wọ́n jáde sí òun náà. Èébú ò tán, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá iṣẹ́ kiri jókòó jẹ́ẹ́.

Màmá wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ wọn. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, wọ́n a máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá jiyàn jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dé lọ́dún yìí, ilé ìwòsàn yẹn náà la gbé wọn lọ. Fàdìlàt ti di mátírọ́nì níbẹ̀. Àkọ́bí wọn, Olúgbénga, gbóhùn sókè sí nọ́ọ̀sì kékeré kan nítorí omi tí wọ́n ń fà sí Màmá lára. Fàdìlàt bọ́ sáàárín wọn, ó ní, "Bọ̀dá, èmi ni kẹ́ ẹ bá jà." Olúgbénga bẹ̀bẹ̀. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀. Inú ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Olúgbénga, Fọlákẹ́ àti Olúwaníyì, àti ọmọ-ọmọ: Olúwapẹ̀lúmi, Testimony àti Jésùtófúnmi.

Màmá, ẹ sùn un re. Kí ó jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ ni wọn yóò fi máa bá yín sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ lọ.