Mo Kí Gbogbo Yín

                                                  Ilé Ẹlẹ́rọ Ata,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Àgọ́-Ìwòyè,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Asimawu, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé wà ní Abigi? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé omi ya wọ oko yín lọ́dún yìí. Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́. Ẹ̀rọ ata mi ṣì ń lọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fi ata rodo méjì sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Zipporah ọmọ mi náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o pe fóònù Zipporah lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e, o wá ń bi mí bóyá o ṣẹ̀ ẹ́. O ò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, nítorí n ò lè rò ó fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, wọn á ti tan àbẹ́là yí ọmọ náà ká.

O mọ̀ pé láti ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ojú Zipporah ti lọ, kọ̀ǹpútà ló di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sí i létí. Rídà ni wọ́n ń pè é. Òun ló fi kàwé dé ọdún kẹta ní yunifásítì níbí, òun náà ló fi ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Bó bá ti jókòó tì í, èmi á pa ẹ̀rọ ata, oníbàárà tó bá fẹ́ bínú kó bínú, nítorí etí ni ọmọ mi fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn afọ́jú tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tó ọgọ́ta, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Kano dé Ghana. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́. Afọ́jú tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, àfi kó máa bẹ olójú kiri. Hezekiah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí òun náà ò ríran, ló kọ́ Zipporah níṣẹ́, òun ló sì mú un wọ ẹgbẹ́.

Asimawu, òfin wọn le ju ti bárékè lọ. Bí rídà bá ní àléébù kan, bọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kòkòrò lédè Òyìnbó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé bọ́ọ̀gì wọ kọ̀ǹpútà, otapíápíá ni mo lọ gbé. Zipporah rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀gì nínú ẹgbẹ́, èèyàn ò gbọdọ̀ kàn wí pé kò ṣiṣẹ́. Á sọ nọ́ńbà rídà rẹ̀, á sọ bọ́tìnnì tó tẹ̀, á sọ ohun tó gbọ́, á sọ ohun tó yẹ kó gbọ́. Kò gbọdọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́. Ta ni yóò wò ó? Kò gbọdọ̀ to àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín yẹn sí ìdí ọ̀rọ̀, nítorí rídà á máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n ní ẹnì kan ṣègbéyàwó, àwọn ọmọ tuntun inú ẹgbẹ́ wá fi ogún ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ kí i. Ọkọ ìyàwó jókòó bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, rídà ń wí fún un pé, "Ọwọ́ ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ ń pàtẹ́wọ́," títí ó fi pé ogún.

Wọn kì í sì í kíra wọn. Ìlà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí ṣé dáadáa ni. Wọ́n ní ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ojú, ìkíni tó gùn ń jí àkókò rẹ̀ ni. Èyí tó wá le jù ni pé bí lẹ́tà kan nínú A-B-D bá wà tó ń mú rídà yadi, èèyàn ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sójú ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ṣí. Inú fáìlì lọ́tọ̀ ló máa dì í sí, á sì kìlọ̀. Ẹni tó bá rú ìyẹn, ọdún kan gbáko ló máa fi wà níta.

Lóṣù tó kọjá, Zipporah rí bọ́ọ̀gì kan nínú rídà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tọpa rẹ̀, bó sì ṣe parí ni ibà dá a wólẹ̀. Ó ti kọ ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ sórí fóònù, bí òfin ṣe wí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nínú ilé. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi gbé fóònù yìí dé etí títì. Ọfà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ tẹ̀ o."

Mo dé etí títì, mo wo ìwé náà. Òyìnbó rẹ̀ ga ju kíláàsì mẹ́fà tèmi lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé nọ́ńbà ló fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ka iṣu lóko. Àgbà wà nínú àwọn ọgọ́ta yẹn. Mo ní wọn ò ha ní sọ pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Ìwọ náà rántí Tísà Ọláníyọnu ní kíláàsì márùn-ún, tó máa ń fi rúlà kàn wá ní ìka tí a bá gbàgbé àmì lórí ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí fóònù náà, òun ló fi ń tọpa bọ́ọ̀gì rẹ̀. Mo wá fi ìka kan tẹ ìkíni sí orí ìwé ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀, àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, n ò gbàgbé ẹyọ kan. Inú mi dùn. Mo tẹ ọfà.

Asimawu, àwọn àmì yẹn gan-an ni bọ́ọ̀gì náà. Lẹ́tà Yorùbá tó bá ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí, bí rídà tuntun yẹn bá ti pàdé rẹ̀, ó yadi nìyẹn. Ohun tí Zipporah dì sínú fáìlì, tó ní kí wọ́n má ṣí i tí wọ́n bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, èmi ló lọ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ní wákàtí yẹn, Hezekiah wà lẹ́nu ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ tó máa jókòó sí yàrá rẹ̀ ṣe. Wákàtí méjì ni wọ́n fún un. Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ já wọlé, rídà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe máa ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé. Ó gbọ́ "Mo kí gbogbo yín," kọ̀ǹpútà sì dákẹ́. Ó pa á, ó tún tàn án. Ìwé wa ló tún kọ́kọ́ kà. Ó tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí olójú nítòsí. Ó jókòó síwájú iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò gbọ́ nǹkan kan, títí àkókò fi lọ. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kì í fún ènìyàn ní ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọládòṣù tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ pe Zipporah lórí ibùsùn àìsàn. Zipporah bo ẹnu fóònù, ó kọjú sí ibi tí mo wà.

"Màmá, kí lẹ tẹ̀?"

Mo ní, "Ọfà ni."

Ó gbé fóònù padà sétí. Ó ní, "Èmi ni mo fi ránṣẹ́, sà."

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun ti mọ̀, pé mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí n tó dá òun lóhùn. Ẹgbẹ́ ti fún un títí di ọjọ́ Jímọ̀ kó sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní màá pe Ọládòṣù, màá ní èmi ni. Asimawu, ọmọ tí ibà ò tíì fi sílẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìbìkítà. Kí wọ́n má ṣáà pè mí ní ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá tẹ fóònù." Ó ní ohun tí àwọn afọ́jú ń bá jà láti kékeré ni ọwọ́ olójú tó máa ń ti ẹ̀yìn wọn bọ́ sínú iṣẹ́ wọn, pé bí ẹgbẹ́ bá gbọ́, kò sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀gì gbọ́ lẹ́nu òun mọ́.

N ò lè sùn lé e. Lọ́jọ́rú mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi tí mo máa ń ná ọlọ́kadà títí á fi máa bú mi, iye tó pè ni mo san lọ́jọ́ náà. Mo gbé àpò gààrí kan dání. Bí mo ṣe wọ yàrá Hezekiah, mo kúnlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé kò lè rí i.

Ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Mo gbọ́ ìró orúnkún yín lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ti tó."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un, ó dá mi dúró. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. "Ọdún méjì ni mo fi kọ́ Zipporah, kò kí mi rí nínú ìwé. Bí mo ṣe gbọ́ 'Mo kí gbogbo yín,' mo ní háà, olójú ti wọ ọ̀rọ̀ yìí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ fún ẹgbẹ́, ó kéré tán kí n gba ẹ̀bi ọmọ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ẹ ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí kò ní kí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì? Bó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀, Màmá, ó ní ìka."

N ò bi í bóyá ó dárí jì mí, òun náà ò sọ. Ó gba gààrí náà, ó dúpẹ́. Gbígbà tó gbà á ló dùn mí jù, nítorí ó yẹ kó ti máa ra tirẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, ọmọ ọlọ́mọ ló yọ̀ ṣubú, tèmi náà sì ṣubú lé e. Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Zipporah ò kọ nǹkan kan. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìwọ tó mọ ẹnu mi, o mọ̀ pé n ò ṣe ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n yọ ọ́. Ọdún kan, bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ní yunifásítì, àwọn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ló sì ti ilẹ̀kùn yẹn. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí àwọn tó ṣe rídà fi tún bọ́ọ̀gì náà ṣe. Fáìlì rẹ̀ ni wọ́n lò. Wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń pa fóònù. Ìdí tí kò fi gbé tìẹ nìyẹn. Má pè é fún ìgbà díẹ̀ ná. Bí o bá ráàyè wá sí Àgọ́-Ìwòyè, jókòó tì í, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, má bá a mú un, àfi tó bá ní kí o mú un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n sọ ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn fún òun. Rídà ti lè kà á báyìí, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu mi ni òun ti fẹ́ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo ní, "Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn tó bí yín ńkọ́, àwọn tí ẹ bí ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa tì."

Ó ní, "Ìkíni yẹn dára, Màmá. Ó mà ṣe o, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

Mo dìde, mo lọ tan ẹ̀rọ ata. Kò sí ata nínú rẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Àdíját àti gbogbo ilé Sàláwù. Ẹnu ni kí o fi kí wọn o, kí o sì dúró kí wọ́n dá ọ lóhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí rúlà kan náà nà,

Ìbíkẹ́.